Bí A Ṣe Ń Yan Àlàfo Ẹnu Fèrè Saxophone

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní LAUTECH wá bá mi nílé ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan tí àkókò ìkórè kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó gbé fèrè saxophone alto rẹ̀ dání, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Mi ò mọ̀ bóyá èmi ni mi ò lè fọn ún mọ́ ni àbí fèrè ló bàjẹ́." Mo ní kó fọn ún kí n gbọ́. Àwọn ohùn òkè ń dún, àmọ́ bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń pọ̀ ju ohùn lọ, títí tó fi jẹ́ pé "fùù" nìkan ni à ń gbọ́. Kò sí ohun tó ṣe fèrè. Ó ti ta ẹnu fèrè, ìyẹn apá tí à ń fi sẹ́nu, tó bá a wá láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ra òmíràn tí wọ́n kọ 8 sí lára, nítorí pé ẹnì kan sọ fún un pé bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni ohùn á ṣe ròkè tó. Ríìdì 3 (ewé esùsú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń gbọ̀n di ohùn, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń sọ bó ṣe le tó) tó ń lò tẹ́lẹ̀ ló tún so mọ́ ọn.

N kò bá a wí, nítorí èmi náà ti jìn sí kòtò yẹn rí. Lọ́dún tí mo ra fèrè tenor àkọ́kọ́, èyí tó tóbi ju alto lọ, mo ra ẹnu fèrè onírin kan ní tòkunbọ̀ torí pé ó ń dán bíi wúrà, ó sì la ẹnu gbàǹgbà. N kò tíì lò ó ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí mo fi gbé e lọ síbi ìdúpẹ́ ìkórè. Nígbà tí a fi máa dé ẹsẹ kẹta orin, ètè mi ti kú, ohùn fèrè ti ń yọ́ sílẹ̀ kúrò níbi tí dùùrù wà, mo sì rí i tí olórí akọrin yíjú wò mí lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé fèrè sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú ìjọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹnikẹ́ni tó bá ń fọn fèrè ní Ògbómọ̀ṣọ́, kó lè kà á kó tó kó owó lé ọ̀nà Ìbàdàn tàbí Èkó láti ra ẹnu fèrè tuntun. Bí bàtà ni àlàfo, ìyẹn àyè tó wà láàárín ríìdì àti ṣóńṣó ẹnu fèrè, rí: ẹsẹ̀ ẹni tó máa wọ̀ ọ́ ni a fi ń mọ ìwọ̀n rẹ̀.

Kí ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ń wò

Ẹ tú ìdè tó di ríìdì mú, ẹ yọ ríìdì, kí ẹ sì gbé ẹnu fèrè náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kí ẹ lè wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Apá ibi tí ríìdì máa ń sùn lé tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ jẹ́ kí n pe ibẹ̀ ní pẹpẹ. Bí ojú yín bá tẹ̀ lé pẹpẹ yìí lọ síwájú, ẹ ó rí i pé ó dé ibì kan tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀, ó sì tẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ṣóńṣó. Ẹ dá ríìdì padà sí àyè rẹ̀, kí ẹ tún wò ó láti ẹ̀gbẹ́ náà. Àyè tínńtín tó wà láàárín ṣóńṣó ríìdì àti ṣóńṣó ẹnu fèrè ni àlàfo tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Lórí fèrè alto, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi mìlímítà kan àbọ̀, kì í sì sábà kọjá méjì àbọ̀. Nǹkan kékeré ni, àmọ́ inú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Nígbà tí ẹ bá ń fẹ́ atẹ́gùn wọlé, ríìdì máa ń súnmọ́ ṣóńṣó, a sì tún ta padà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí àlàfo bá fẹ̀, ọ̀nà tí ríìdì máa rìn ní àlọ àti àbọ̀ á jìn sí i. Bí ríìdì bá wá le pẹ̀lú, kò ní í lè rin ọ̀nà náà tán àfi tí èémí bá tì í gidigidi, atẹ́gùn tó yẹ kó di ohùn a sì kàn gba ibẹ̀ kọjá. Ohun tó fa "fùù" tí ọmọ yẹn ń gbọ́ nìyẹn. Àlàfo tó há, ní tirẹ̀, tètè máa ń sọ̀rọ̀, èémí díẹ̀ ló ń gbà, ohùn rẹ̀ kì í sì í ṣáko. Àmọ́ bí ẹ bá da èémí bò ó tàbí tí ẹ fi àgbọ̀n ìsàlẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jù, ríìdì a lẹ̀ mọ́ ṣóńṣó, ohùn a sì pa lójijì.

Àlàfo kò dá ṣiṣẹ́. Gígùn ibi tó tẹ̀ yẹn wà níbẹ̀: bó bá gùn, apá tó pọ̀ lára ríìdì ló ń gbọ̀n, ríìdì á sì máa ṣe bí ẹni pé ó rọ̀ ju iye tí wọ́n kọ sí i lọ. Àjà náà tún wà, ìyẹn òrùlé inú ẹnu fèrè tó dojú kọ ríìdì, lẹ́yìn rẹ̀ sì ni ikùn, níbi tí ihò inú ti gbòòrò. Bí àjà bá súnmọ́ ríìdì, ohùn a mú bí abẹ, a sì là á já láàárín ìlù àti gìtá. Bí àjà bá jìnnà tí ikùn sì gbòòrò, ohùn a tutù, a sì kún. Mo ń dúró lórí èyí nítorí pé òun ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Ẹ lè gbọ́ fèrè kan tó ń ké rara níbi àríyá ní àdúgbò Takie, kí ẹ sì rò pé àlàfo rẹ̀ ló fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà àjà ni, ìgbà mìíràn máíkì ni. Ẹni tó bá fẹ́ ohùn tó mú lè rí i láìkúrò lórí àlàfo àárín, bó bá wá ẹnu fèrè tí àjà rẹ̀ súnmọ́ ríìdì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wọn èyí tó wà lọ́wọ́ yín

Ẹ kò lè mọ ibi tí ẹ ń lọ bí ẹ kò bá mọ ibi tí ẹ wà. Àwọn tó ń ṣe ẹnu fèrè ní irinṣẹ́ tiwọn fún wíwọn, ṣùgbọ́n èyí tó máa tó wa lò wà lọ́wọ́ mẹkáníìkì àdúgbò. Ẹ yá irin pẹlẹbẹ tó fi ń wọn àlàfo púlọ́ọ̀gì àti tápẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń pè ní fílà géèjì. Ewé irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ìdí bí abẹ̀bẹ̀, wọ́n sì kọ ìwọ̀n sí ara ewé kọ̀ọ̀kan, láti nǹkan bíi mìlímítà 0.05 dé 1.00. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ kí ọ́ìlì ọkọ̀ kúrò lára rẹ̀, nítorí ohun tó ń wọ ẹnu yín ni ẹ fẹ́ fi kàn, àti pé ọ́ìlì máa ń mú ìwọ̀n yẹ̀.

Ẹ wá gíláàsì kékeré kan tó tẹ́ dáadáa, irú èyí tó máa ń wà nínú férémù fọ́tò, tí etí rẹ̀ kò mú. Ẹ gbé e lé pẹpẹ ẹnu fèrè kó yọ kọjá ṣóńṣó díẹ̀, kí ẹ sì fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lórí pẹpẹ gírígírí kó má gbéra. Ẹ wá fi ewé irin bọ àárín gíláàsì àti ṣóńṣó, ní àárín gan-an, kì í ṣe ní igun. Ẹ máa fi ewé kún ewé títí tí yóò fi wọlé bí ẹni tó ń fara nu ògiri kọjá, láìsí fífi agbára tì í, láìsì mì. Ẹ ro ìwọ̀n gbogbo ewé náà pọ̀. Ti ọmọ LAUTECH yẹn gba ewé 1.00, 0.90 àti 0.35, ìyẹn jẹ́ mìlímítà 2.25. Ẹ má fi irin họ ṣóńṣó o, nítorí ibi tó ṣe ẹlẹgẹ́ jù lọ lára ẹnu fèrè nìyẹn, bó bá sì ti họ díẹ̀, ríìdì kò ní dúró dáadáa lórí rẹ̀ mọ́. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ìyàtọ̀ bá wà láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí kò kọjá 0.05, kò burú.

Àwọn ará Amẹ́ríkà sábà máa ń fi ìdá ẹgbẹ̀rún íǹṣì wọn àlàfo. Ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì jẹ́ mìlímítà 0.0254, nítorí náà bí ẹ bá rí .100, mìlímítà 2.54 ni, bí ẹ bá sì rí .080, mìlímítà 2.03 ni. Ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù á ṣe ìyókù.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà tàn yín

Kò sí àdéhùn kankan láàárín àwọn tó ń ṣe ẹnu fèrè lórí ohun tí nọ́ńbà túmọ̀ sí. Yamaha 4C ti alto, tó máa ń bá fèrè àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá, jẹ́ mìlímítà 1.60. Selmer S80 ti alto tí wọ́n kọ C sí pẹ̀lú ìràwọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́ 1.70, kò sì sí nọ́ńbà àlàfo kankan lára rẹ̀. Meyer 5 ti alto jẹ́ .071, ìyẹn 1.80, 6 rẹ̀ jẹ́ .076, 7 rẹ̀ sì jẹ́ .081, tó ń lọ sí mìlímítà 2.06. Ẹ wá mú 7 kan náà lọ sórí tenor, lára Otto Link, ẹ ó bá a ní .100, ìyẹn 2.54. Nọ́ńbà 7 méjì, ìyàtọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì mìlímítà. Ti àwọn ẹnu fèrè olówó pọ́ọ́kú tí kò ní orúkọ kankan lára ni kí a má tilẹ̀ sọ: mo ti wọn méjì tí wọ́n kọ nọ́ńbà kan náà sí, tí wọn kò sì bára mu.

Ọ̀nà tí èmi fúnra mi ń gbà pín in nìyí. Lórí alto, èyí tí kò tó 1.65 há, láti 1.65 dé 1.85 jẹ́ àárín, láti 1.90 dé 2.10 fẹ̀, èyí tó bá kọjá 2.15 fẹ̀ gan-an, ẹni tí ètè rẹ̀ ti gbó ló ni ín. Lórí tenor, ẹ fi nǹkan bíi 0.20 dé 0.40 kún gbogbo rẹ̀: 1.90 dé 2.25 ni mo ń pè ní àárín, èyí tó bá ti kọjá 2.60 sì ti di iṣẹ́ alágbára. Ẹlòmíràn lè fa ààlà tirẹ̀ síbòmíràn, n kò ní bá a jà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ yẹ ara yín wò

Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lónìí, ì báà jẹ́ ọmọdé tàbí àgbà, kó mú àlàfo àárín tó sún mọ́ ọwọ́ híhá, kó sì gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí fún ọdún kan. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò dùn létí ọ̀dọ́ tó ti gbọ́ Fẹlá tàbí Lágbájá lórí fèrè tí ó sì fẹ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ kí oṣù tó pé. Ohùn yẹn wà nínú èémí àti ọ̀nà ọ̀fun kó tó dé ẹnu fèrè.

Fún ẹni tó ti ń fọn ọ́n bọ̀, ẹ fi ẹnu fèrè tó wà lọ́wọ́ yín ṣe ìdánwò yìí. Ẹ fọn ohùn kan ṣoṣo ní àárín fèrè, ní ìwọ̀nba, kí fóònù máa ka àkókò. Èmi kì í gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti wá àlàfo tó fẹ̀ bí kò bá lè fa ohùn yẹn fún ìṣẹ́jú àáyá 15 láìgbọ̀n, kí abẹ́rẹ́ túnà orí fóònù, ìyẹn ohun tó ń fi hàn bóyá ohùn ga jù tàbí ó rẹlẹ̀ jù, sì dúró sí ojú kan. Lẹ́yìn náà, ẹ fọn orin fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìsinmi púpọ̀, kí ẹ sì fi ahọ́n kan inú ètè ìsàlẹ̀. Bí ojú eyín bá ti hàn níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi abẹ fà lára, ẹ ń ti àgbọ̀n mọ́ ríìdì jù, ẹnu fèrè tó fẹ̀ yóò sì sọ ọgbẹ́ náà di ńlá. Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ eyín tún wà. Bàbá kan nínú ìjọ wa ti lé ní àádọ́rin ọdún, eyín iwájú rẹ̀ méjì sì jẹ́ èyí tí wọ́n fi sí i. Alto tí àlàfo rẹ̀ kò ju 1.60 lọ ni wọ́n ń fọn, pẹ̀lú ríìdì 2, n kò sì tíì gbọ́ ẹnikẹ́ni tó ní òun ò gbọ́ ohùn wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ro ibi tí ẹ ti ń fọn ún

Ìlú orin ìwé ni Ògbómọ̀ṣọ́. Ìlú tí àwọn Onítẹ̀bọmi ti dá ilé-ẹ̀kọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn wọn sílẹ̀ ní 1898 kò lè ṣàìní ìjọ tó ń kọ orin ní ohùn mẹ́rin, tí gbogbo ènìyàn sì mọ ìgbà tí ẹnì kan bá yapa. Bó bá jẹ́ pé láàárín akọrin ni ẹ ti ń fọn fèrè, tí ẹ ń tẹ̀ lé ohùn òkè pẹ̀lú dùùrù, ohun tí ẹ nílò ni ohùn tó dúró sí ibi tó yẹ kó wà, tó sì lè rọlẹ̀ nígbà tí àlùfáà bá ń gbàdúrà lórí orin. Àlàfo àárín ló ń ṣe èyí, mo sì lè sọ ọ́ láìbẹ̀rù. Ẹnu fèrè tó fẹ̀ ń fúnni láyè láti yí ohùn sókè sódò bí ẹni tó ń sunkún, èyí tó dùn nínú orin ìyìn aláìtò àti níbi òde, ṣùgbọ́n ohun kan náà tó ń jẹ́ kí ẹ lè yí ohùn náà ló ń jẹ́ kó yẹ̀ lọ́wọ́ yín nígbà tó bá rẹ̀ yín. Ibi tí ẹgbẹ́ olórin ti ń lo ẹ̀rọ gbohùngbohùn, máíkì ló ń ṣe iṣẹ́ ariwo. Ibi tí ẹ bá ti ń fọn ọ́n ní gbangba láìsí máíkì, pẹ̀lú dùǹdún àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni mo gbà pé kí ẹ fẹ àlàfo díẹ̀, kí àjà náà sì súnmọ́ ríìdì díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àlàfo àti ríìdì, tọkọtaya ni wọ́n

Esùsú kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Arundo donax ni wọ́n fi ń ṣe ríìdì, ìhà Var ní gúúsù ilẹ̀ Faransé sì ni ó ti lókìkí jù. Nọ́ńbà ara rẹ̀ ń sọ bó ṣe le tó, láti 1 tàbí 1½ tó rọ̀ dé 5 tó le koko. Òfin tó sábà máa ń ṣiṣẹ́ ni pé bí àlàfo bá ṣe ń fẹ̀ ni ríìdì gbọ́dọ̀ máa rọ̀. Lórí alto, mo máa ń fi ríìdì 3 sí àlàfo tó há, 2½ tàbí 3 sí ti àárín, 2½ sí èyí tó fẹ̀. Lórí èyí tó bá kọjá 2.15, 2 ni mo máa kọ́kọ́ gbìyànjú, nígbà míì 1½ pàápàá. Nọ́ńbà yìí náà kò bára mu láti ilé-iṣẹ́ kan sí èkejì: Vandoren 2½ inú páálí búlúù le ju Rico 2½ inú páálí aláwọ̀ ọsàn lọ. Ẹni tó bá pààrọ̀ ẹnu fèrè àti irú ríìdì lọ́jọ́ kan náà kò ní mọ èwo nínú méjèèjì ló ṣe é ní ohun tó ṣe é.

Ojú ọjọ́ tiwa náà ní ọ̀rọ̀ sọ. Nígbà ọyẹ́, tí ètè ń là tí ilẹ̀kùn onígi ń dún, ṣóńṣó ríìdì máa ń gbẹ, a sì di kọ́lọkọ̀lọ bí etí aṣọ tí wọ́n fi omi gbígbóná fọ̀. Ríìdì bẹ́ẹ̀ kò lè bo ẹnu fèrè dáadáa, ẹnu fèrè ni ẹ ó sì máa dá lẹ́bi. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mímọ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ẹ tó fọn ọ́n, ẹ má sì ṣe ìdánwò ẹnu fèrè tuntun nínú oṣù ọyẹ́ láìkọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí ẹ ó ṣe dán an wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ mú fèrè tiyín dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, pẹ̀lú ríìdì mẹ́ta tó ti mọ ẹnu yín lára, ọ̀kan tó le díẹ̀, ọ̀kan àárín, ọ̀kan tó rọ̀ díẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á kò bá gbà kí ẹ dán an wò, ẹ kí i pé ó dàárọ̀, kí ẹ sì máa lọ. Ẹnu fèrè tó ti kan ẹnu ẹlòmíràn, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Omi gbígbóná máa ń ba àwọ̀ ẹnu fèrè onírọ́bà líle jẹ́. Ẹ má dán ju mẹ́ta lọ ní ìjókòó kan, nítorí pé lẹ́yìn ìkẹta ètè kò lè dájọ́ mọ́.

Kí ẹ tó fọn ọ́n rárá, ẹ wò ó bóyá ríìdì bo ojú rẹ̀ dáadáa. Ẹ so ríìdì tó ti rin mọ́ ọn, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ dí ihò ìdí rẹ̀ pa, kí ẹ sì fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sẹ́nu bí ẹni ń fa ọsàn mu. Ẹ yọ ọ́ kúrò lẹ́nu. Bí ríìdì bá lẹ̀ mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì kó tó tú pẹ̀lú ìró "pó", pẹpẹ àti etí rẹ̀ tẹ́. Bí kò bá lẹ̀ rárá, tí ríìdì sì dára, afẹ́fẹ́ ń sá níbì kan, kò sí àlàfo tó lè wo ìyẹn sàn.

Lẹ́yìn náà, ẹ fọn ẹnu fèrè nìkan láìsí fèrè, kí túnà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Lórí alto, ohùn náà yẹ kó wà nítòsí A ti dùùrù. Lórí tenor, nítòsí G. Bó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀, ẹ ń fi àgbọ̀n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó lè dún, èyí tó ń sọ pé àlàfo náà fẹ̀ jù fún yín tàbí pé ríìdì le jù. Bó bá ń rẹlẹ̀ tó sì ń gbọ̀n, ètè yín kò tíì lè dì í mú.

Ẹ wá gbé e sórí fèrè. Ibi tí mo ti máa ń lo àkókò jù lọ ni ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá: kí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́, jẹ́ẹ́jẹ́, láìfi ahọ́n gbá a. Ẹnu fèrè tó bá yín mu yóò dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọmọ tí a pè lórúkọ. Bó bá jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ tì í kó tó dún, tàbí tó fò lọ sí ohùn òkè dípò ti ìsàlẹ̀, ẹ fi ríìdì tó rọ̀ sí i dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá yàtọ̀, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ fọn láti dò dé dò tó wà lókè rẹ̀, kí ẹ wo túnà ní òpin méjèèjì. Ẹ mú ohùn kan ní àárín láti wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ dé líle, kí ẹ tún sọ ọ́ di wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ padà. Bó bá pa lójijì nígbà tó le, ó há jù fún èémí yín tàbí kí ríìdì rọ̀ jù. Ní ìparí, ẹ fọn ẹsẹ kan nínú orin ìwé tí ẹ mọ̀ bí ẹni mowó, ìlà kan ní èémí kan. Bí èémí bá tán lẹ́nu yín ṣáájú òpin ìlà, tó sì jẹ́ pé ẹ máa ń parí rẹ̀ pẹ̀lú ti àtijọ́, ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Ẹ gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù, kí ẹ gbé fóònù náà sí ibì kan ṣoṣo, ní nǹkan bí ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí yín. Etí ẹni tó ń fọn ọ́n kò gbọ́ ohun tí ará ìta ń gbọ́, nítorí pé ìró ń gba eyín kọjá lọ sínú agbárí. Lọ́jọ́ kejì, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn tẹ́tí sí i láìmọ èyí tí ẹ náwó lé lórí.

Bí méjì bá ṣì kù tí ẹ kò lè yàn láàárín wọn, ẹ mú èyí tó há díẹ̀ ju ìkejì lọ. Bí ẹ bá sì ń kúrò lórí èyí tí ẹ ń lò, ẹ má fò ju mìlímítà 0.10 sí 0.15 lọ lẹ́ẹ̀kan. Láti 1.70 sí 1.80, ètè á gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ kan, láti 1.70 sí 2.25, ìtàn mi àti ti ọmọ yẹn ni ẹ ó sọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́ lórí ohùn gígùn, láti àárín lọ sí ìsàlẹ̀, ó tó. Ẹ ó rí i pé ibi tí ẹ máa ń ti ẹnu fèrè dé lórí kọ́ọ̀kì ọrùn fèrè lè yí padà. Ẹ fi túnà wá ibi tuntun, kí ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà kékeré síbẹ̀. Ẹ má mú un lọ síbi ìgbéyàwó tàbí ìkórè kankan kí ọ̀sẹ̀ méjì yẹn tó pé. Bó ti wù kó wù yín tó pé kí ẹ ha ṣóńṣó rẹ̀ díẹ̀ láti fẹ̀ ẹ́ tàbí láti dín in kù, ẹ fi sáńpépà sílẹ̀. Mo mọ ẹnì kan tó fi ẹnu fèrè rẹ̀ ha orí sìmẹ́ńtì ìloro. Ẹ̀gbẹ́ kan jẹ ju èkejì lọ, kò sì dún mọ́ láé. Iṣẹ́ ẹni tó ní irinṣẹ́ rẹ̀ ni.

Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan: àlàfo, ríìdì, ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀, ohun tí ó ṣe dáadáa àti ohun tí kò ṣe. Ẹ má sì ta èyí tó wà lọ́wọ́ yín kí ọdún kan tó kọjá lórí tuntun. Ọmọ LAUTECH yẹn, mo fi ẹnu fèrè tèmi tó jẹ́ 1.75 sí fèrè rẹ̀ pẹ̀lú ríìdì 2½ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ohùn ìsàlẹ̀ sì jáde wọ̀ọ̀ bí ìgbà tí a ṣí ilẹ̀kùn. Ó wò mí, ó wo fèrè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibo ni mo fẹ́ ti rí irú èyí?" Mo ní kó lọ bá ẹni tó ta ti àkọ́kọ́ fún. Ó bá a, wọ́n sì gbà á lówó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà lé iye tó tà á.